Ojú Ọ̀run Ò Mọ Ìdí Àrẹ̀rẹ̀

Tábìlì mi nìyí: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlà ó lé,
orúkọ, nọ́ńbà mítà, gbèsè omi,
àti àdírẹ́sì, bí akọ̀wé àná ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu onílé:
ẹ̀yìn ilé Alápó, kó o tó dé afárá onípákó;
ilé aláwọ̀ ẹfun, Ìdí Àrẹ̀rẹ̀;
ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣúkúrá, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.
Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá ní kí n so ó pọ̀ mọ́ máàpù tí wọ́n yà láti òfuurufú,
fáìlì àlejò, tí ò yọ̀ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Àrẹ̀mọ rí,
tó ka Ìbàdàn ní páànù, páànù, páànù tó dípẹtà,
tó sì fi nọ́ńbà méjì sọ ibi tí kálukú ń sùn.
Mo kọ àṣẹ ìsopọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Mo lọ gbé omi tíì kaná, mo padà dé:
òdo. Ẹyọ ilé kan ò mọ ẹnìkejì rẹ̀.

Èmi kọ Òjé tòun tàmì,
wọ́n kọ Oje, bí oje tí ń kán lára igi.
Bẹẹrẹ di Beere. Ta ni kí n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀?
Mo bá bọ́ àmì lórí orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ìgbà tá a bá ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọmọ tó ń sùn.
Ojú ń tì mí,
ẹgbẹ̀fà ilé sì rí ara wọn.
Mo wá igi àrẹ̀rẹ̀ lórí máàpù títí ojú fi ń ro mí.
Igi ti lọ. Ìdí ló kù.

Bàbá Múìlì, tó ka mítà lọ́gbọ̀n ọdún,
wá bèèrè owó ìfẹ̀yìntì tí ò tíì dé.
Ó jókòó tì mí, ó fi ìka tó ti wọ́ tẹ gíláàsì:
"Alápó nìyí. Afárá yẹn ti bómi lọ.
Ìyá Ṣúkúrá rèé, àwọn ọmọ ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí i lójú.
Má tẹ̀lé èyí o, ojú ọ̀run ló rò pé ọ̀nà ni.
Gọ́tà ni."
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá. Mo ra mọ́ín-mọ́ín, òun ra omi inú ọ̀rá.

Máàpù odò ti ibòmíràn dé, ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́;
mo fà á wọlé, mo bi tábìlì:
ta ló ń gbé níwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sétí Ògùnpa?
Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Ìlà kọkàndínlógún: Ajíbóyè Múìlì. Gbèsè omi: òdo.
Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Mo sanwó omi tán láyé mi,
omi ṣì ń bọ̀ wá kí mi nílé."

Nígbà tó ń dìde, ó ní kí n má pa ẹ̀yìn ilé Alápó rẹ́.
"Bó bá di òru, tí omi kan ilẹ̀kùn,
ta ni yóò fi nọ́ńbà méjì pariwo pè mí?"
Mo fi òpó kan kún tábìlì.
N ò tíì mọ orúkọ tí n ó fún un.