Ife Àkọ́kọ́

Ní oṣù kọkànlá, ní Kakẹ́tì, lẹ́yìn ìkórè,
Lamara gbé ìkòkò bàbà jáde nínú àká.
Ọdún kìíní nìyí tí Nugzar kò ní sí níbẹ̀
láti máa bú mọ́ iná.

Ó da pàǹtí àjàrà sí i, èèpo, kóró, igi tín-ín-rín,
ohun tó ti ń ho nínú agbá fún ogójì ọjọ́,
tí òórùn rẹ̀ ń pe eṣinṣin wá láti etídò.
Kò rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ìkòkò tó bá yó jù a máa bì.
Ó po ìyẹ̀fun, ó fi dí etí ìdérí
bí ẹni ń dí ihò eku.
Páìpù rá pálá gba inú agbá omi tútù kọjá.

"Iná kékeré, Badri. Kékeré!
Ọtí yìí kò mọ ìkánjú."
Mo fa ẹ̀ka àjàrà kan yọ. Mo fa èkejì.
A jókòó. Ajá sùn. Kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà: tó.
Tó. Tó, tó.

Ife àkọ́kọ́ kún, ó mọ́ gaara, ó ń ta sánsán.
Mo na ọwọ́ sí i.
Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á sẹ́nu ọ̀nà.
"Èyí ló fọ́ Tengiz lójú, àbúrò bàbá àgbà rẹ.
Ó ní òun kì í fi nǹkan ṣòfò."

Ife kejì ló tọ́ wò. Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó tún da díẹ̀ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì tó ṣófo.
Èyí kì í ṣe nítorí májèlé.