Pẹpẹ Tí Bàbá Mi Kàn

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
ni Tíṣà Pílè gbé, ará Íńdíà, oníṣirò.
Sarójínì lorúkọ ìyàwó rẹ̀.
Ahọ́n wa kò gbà á, a ń pè é ní Ìyá Rájù.
Ahọ́n tiẹ̀ náà kò gba Àṣàkẹ́,
Asakí ló ń pè mí. A ò jẹ ara wa ní gbèsè.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi apá wọn ìbú:
"Bàbá, ẹ bá mi kan pẹpẹ kékeré."
Bàbá mi wá igi arère
tó ṣẹ́kù lára bẹ́ǹṣì tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì,
ó rẹ́ ẹ, ó fá a, ó fi sáńpépà há a títí ó fi dán.
"Ibo ni kí n kàn án mọ́?"
Obìnrin náà rìn yí pálọ̀ ká bí ẹni tó ń wá òjìji.
"Níhìn-ín, ní igun tí oòrùn ti ń yọ.
Kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ìta: ìṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.
Kí ojú rẹ̀ máa wo ilé."
Bàbá mi kò béèrè ojú ta ni, ẹ̀yìn ta ni.
Ó fi ètè há ìṣó mẹ́rin, ó ń kàn án lọ.

Nígbà náà ni ó tú aṣọ lára ère idẹ.
Orí erin. Ikùn bí ìkòkò ẹ̀kọ.
Apá mẹ́rin, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Eku kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè.
Àjànàkú tiwa, a kì í rí i ju fìrí lọ;
èyí jókòó, kò kọjá lọ síbì kankan,
ó ní kí n wo òun dáadáa.

"Eyín rẹ̀ kan kán. Ṣé ó jábọ́ ni?"
"Rárá, Asakí, fúnra rẹ̀ ló kán an.
Gègé ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwé kò sì tíì parí."
Etí ńlá, kí ó lè gbọ́.
Ẹnu kékeré, kí ó má baà sọ gbogbo rẹ̀.
Ikùn yẹn, ọ̀rọ̀ tó gbé mì ló kún ibẹ̀.
"Eku ńkọ́?"
"Ọkàn wa ni. Bí a kò bá gùn ún,
yóò jẹ àká tán."

Láràárọ̀, mo ń já òdòdó pupa lára ọgbà wa fún un,
ó ń fi àgbọn tó fi ṣúgà rò ṣe ẹ̀san fún mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Wọ́n dá bàbá mi dúró lẹ́yìn ìsìn.
"Díákónì, ẹ kan pẹpẹ fún òrìṣà."
Ó ní, "Pákó ni mo kàn.
Ohun tó wà lórí pákó ò kàn mí."
"Pẹpẹ kì í ṣe pákó lásán!"
Ó ní, "Igi kan náà lẹ jókòó lé yìí."
Ẹnì kan tún agbádá ṣe.
Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi jẹ́ kó gbé oúnjẹ Olúwa.

Síbẹ̀, mo bá a lókè lálẹ́ ọjọ́ kan,
ó ní ìṣó lòun wá yẹ̀ wò.
Ìka ère náà ló ń wò, ìka tó tín-ín-rín,
èékánná pàápàá hàn lórí idẹ.
Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́."

Nígbà tí owó ìjọba gbẹ, wọ́n padà sílé.
Orí itan ló gbé erin náà lé nínú mọ́tò,
ó fi pẹpẹ sílẹ̀. "Ìṣó yín ni."
Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kun ògiri yẹn,
èéfín fìtílà rẹ̀ ṣì ń yọjú.

A sin bàbá mi lọ́dún tó kọjá.
Mo gbé fọ́tò rẹ̀, mo ń wá ibi tí máa gbé e sí.
N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ gbé mi gòkè.
Mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìta.
Mo fi ọwọ́ mi ìṣó wò.
Kò mì.