Ọdún Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbafe

Ẹgbàá ọdún ó ku mẹ́fà.
Kò sépo nílé epo Tákìé,
àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀.
Bọ̀ọ̀dá Láníhun gbé rédíò sétí
bí ẹni gbọ́mọ aláìsàn,
ó ń wá Amẹ́ríkà láàárín ariwo:
béésíbọ́ọ̀lù,
tí òyìnbó ọsibítù kọ́ ọ
nígbà tó ń bá wọn gé koríko l'Ógbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín.

Wọ́n ní àwọn eléré náà daṣẹ́ sílẹ̀.
Kò sí àṣekágbá.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dénú:
“Àwa dìbò léṣìí, a kà á délẹ̀,
wọ́n wọ́gi lé e.
Àwọn tó nigi lọ́wọ́
tún wọ́gi léra wọn.”

Ó yọ bátìrì méjèèjì,
ó sá wọn sóòrùn lórí páànù.
Bóyá lọ́la.