Ìdì Òdòdó fún Tíṣà Pihlak

Joosep, mú àlùmọ́gàjí wá.
Èyí tí bàbá rẹ àgbà fi ń gé ìrù ẹja, fi í sílẹ̀.
La ojú rẹ; ọkọ̀ iléèwé kì í dúró de olóorun,
òní sì ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án:
kò sí ọmọ tó ń lọ síléèwé lọ́wọ́ òfo ní gbogbo agbègbè Võru.

Ìrì ṣì wà nílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.
Òdòdó tí a gé lẹ́yìn tí oòrùn gòkè
á ti dorí kodò kó tó dé ọ̀dọ̀ tíṣà.

Ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ti ọlọ́rọ̀.
Kábéèjì ló ni ìdajì, pòtétò ló ni ìyókù,
àwọn òdòdó kàn ń gbé létí ọgbà bí ayálégbé
tí kì í san owó ilé, tó sì ń kọrin.
Ṣùgbọ́n yìnyín ń bọ̀, kò ní pẹ́ mọ́,
òru kan ṣoṣo ló máa fi sun gbogbo wọn dúdú.
Nítorí náà má ṣahun. Gé!

Gé dálíà pupa yẹn, tó tóbi bí orí ọmọ tuntun.
Kọ́kọ́ mì ín: kòkòrò máa ń sùn sínú rẹ̀
bí Ülo aládùúgbò wa ṣe ń sùn nígbà ìwàásù.
Gé ásítà elése-àlùkò, gé e gùn díẹ̀.
Gé òdòdó onídà yẹn, ọ̀kan péré;
lọ́dún tó kọjá ó ga jù ọ́ lọ,
wò ó báyìí, èjìká rẹ ló dé.

Má tò wọ́n bí ọmọ ogun.
Ṣé ìka ọwọ́ rẹ dọ́gba? Síbẹ̀ wọ́n di ṣíbí mú.
Fi ọwọ́ òsì gbá wọn mú, fi ọ̀tún máa há wọn sí i,
kí eléyìí fẹ̀yìn ti ọ̀tún, kí tọ̀hún bojú wẹ̀yìn.
Òdòdó ilé ìtajà, tí wọ́n fi ọ̀rá wé ní Tartu,
ibì kan náà ni gbogbo wọn ń wò,
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.
Tiwa ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ó yá, kà wọ́n fún mi.
Méjìlá? Rárá o.
Òdòdó tó bá pé ní méjì-méjì, ibojì là ń gbé e lọ.
Ẹni tó bá wà láàyè, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú tirẹ̀,
ọ̀kan tí kò ní ẹnìkejì,
tó ṣì ń wá a kiri.

Mo ti nawọ́ sí dílì tó ti gbó lẹ́bàá kànga
kí n fi sọ ọ́ di mẹ́tàlá,
nígbà tí o bi mí, ohùn rẹ kéré:
"Ti Màmá ńkọ́?"

Ìyá rẹ wà ní Helsinki, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì
fún àwọn arúgbó tí kì í ṣe èmi.
Mo fẹ́ sọ pé òdòdó kì í gba orí òkun lọ.
O ò dúró gbọ́.
O yọ ásítà kan, èyí tí ewé rẹ̀ jẹ díẹ̀,
o sọ ọ́ sínú ìgò jáàmù tó ṣófo,
o gbé e sójú fèrèsé, níbi tí a máa ń gbé fóònù sí
bí ó bá pè wá lálẹ́.

Mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀kan nínú ìgò.
Mo tún un kà, mo tún un kà.

Gba okùn yìí. Ara àwọ̀n bàbá rẹ àgbà ni mo ti tú u,
ó ṣì ń rùn ẹja díẹ̀; Tíṣà Pihlak kò ní bínú,
ọmọ abúlé ni òun náà.
Ọkọ̀ ti fọn fèrè. Sáré!
Omi ń ro sí ọ lára ṣòkòtò tuntun.
Jẹ́ kó máa ro.