Akọ̀wé Ẹ̀gbọ́n Mi

Aago mẹ́ta òru ló máa ń wọlé láti Àpápá,
bàtà lọ́wọ́, kó má baà jí bàbá.
Òórùn bíà á ṣíwájú rẹ̀ wọ yàrá,
òórùn ìyẹ̀fun pákó Òkóbàbà á pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
àwọn méjèèjì á kí ara wọn bí aládùúgbò.
Á fi wíìgì kọ́ ìṣó,
á tẹ etí lé àyà Dìẹ̀kọ́lá ọmọ rẹ̀ tó ń sùn,
kó tó na fóònù sí mi:
“Àkàní, dìde. Èsì ti dé.”

Èmi ni mo kàwé díẹ̀.
Kíláàsì kẹta ni tirẹ̀ ti dúró,
lọ́dún tí ayùn ńlá jẹ ìka méjì lọ́wọ́ bàbá,
tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde lọ wá owó.
Òun á sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi á gbé e sọdá omi.
“Sọ fún un pé òjò rọ̀ lánàá.”
Mo kọ ọ́: òjò rọ̀, mo sì rántí rẹ.
“Sọ fún un pé owó iléèwé ọmọ ti tó san.”
Mo kọ ọ́: oorun ò kun ojú mi, olólùfẹ́.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tí kò tíì di ọwọ́ obìnrin kankan mú rí,
èmi ni mò ń ro oyin fún ọkùnrin
tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

Hẹ́ǹkì lorúkọ rẹ̀, ará Họ́láǹdì,
inú ọkọ̀ tó ń fa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà ló ti ń ṣiṣẹ́.
Bẹ́là ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi,
torí ọ̀gá ilé ọtí ní Bọ́látitó ti gùn jù lẹ́nu oníbàárà.
Oṣù mẹ́ta níbí, oṣù mẹ́ta nílé wọn.

Bàbá kì í dárúkọ rẹ̀.
Bí àpò gaàrí tuntun bá wọlé,
á ní, “Ta ló ra èyí?”
Ìyá á ní, “Ọlọ́run ni.”
Á fi ìka mẹ́ta tó kù gé òkèlè,
á jẹ ẹ́ tán, á fọwọ́.
Kò dúpẹ́. Kò sì kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òyìnbó ní òun fẹ́ mọ ilé.
Ìyá yá àga lọ́wọ́ onílé,
bàbá dé fìlà, ó fi ọwọ́ tó lábùkù sábẹ́ itan.
Hẹ́ǹkì fi orí gbá àtẹ́rígbà, àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín,
òun náà rẹ́rìn-ín.
Ó wá fa ìwé yọ nínú àpò:
gbogbo ohun tí mo ti kọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde.
Ó ka ọ̀kan sókè:
*bí omi bá fà sẹ́yìn, kì í ṣe pé ó kọ etíkun.*
Ó ní, “Bẹ́là, fi ẹnu rẹ sọ ọ́ fún mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.
Lókèèrè, ayùn ń la igi kan, kò tètè là á tán.
Bọ́látitó tú irun ọmọ rẹ̀ ká, ó sì bi í
ní gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀: “Ṣé o ti jẹun?”

Òyìnbó wò ó. Ó wò mí.
Ó wo àtàǹpàkò mi tó ń gbọ̀n lórí orúnkún
bí ẹni tó ń tẹ fóònù.
Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin.
Ó ní, “Rárá o, mi ò tíì jẹun.”

Lóru ọjọ́ náà, kò na fóònù sí mi.
“Àkàní, máa sùn.”
Mo gbọ́ bó ṣe ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
tí ètè rẹ̀ ń rìn bí ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ́ fóònù wò.
Orúkọ rẹ̀ ló kọ, odindi, kò sí ohun mìíràn.
Hẹ́ǹkì gbìyànjú láti kọ ọ́ padà.
Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà á.