Gbèsè Kì í Rà

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìjọ̀mù ló wà,
láàrin kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì àti àpò sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta.
Funfun ni wọ́n gbé e wọlé ní 1996,
ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ báyìí bí eyín ajobì.
Ìyé mi ní Akínbọ̀dé tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀,
kó kó o lọ, kí òun rówó ra ata.
Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ mẹ́jọ.
Ó pòṣé. Ó ní méje.

Mo tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ páànù ẹ̀gbẹ́ kan.
Eruku ọyẹ́ ọgbọ̀n ọdún jókòó síbẹ̀ bí ìyáálé.
Ẹyin ọmọńlé méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù,
òfìfo; àwọn ọmọ ti bá tiwọn lọ.
Bátìrì kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ
ti tu itọ́ aláwọ̀ ewé sára bọ́ọ̀dù.
Mo fi ọtí kíkan nù ún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́,
mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fọnná.

Mẹ́gábáìtì mẹ́jọ ni ìrántí tó bá wáyé.
Mẹ́jọ! Àwòrán mẹ́ta lórí fóònù mi ti kún un.
Mo gba Arákàlẹ́ lọ bá Tèmídire
tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ti kú.
Ó tú páálí bàtà, ó tú agolo mílíìkì,
ó rí igi ìrántí méjì, ó fẹ́ eruku ara wọn dànù.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin." Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì:
ta ló tún ń ra ìrántí àtijọ́ ní Àkúrẹ́?
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi wáyà kan ṣe èènì.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà, iná dé ní aago méjì òru.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́.
Fáànù wá hùn,
dìsíkì inú rẹ̀ húkọ́ bí àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Ó ka ìrántí rẹ̀ títí dé méjìlélọ́gbọ̀n, kò ṣì í kà,
ó wá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 la wà.
Mi ò bá a jà. Nígbà náà mi ò tíì dáyé,
Ìyé mi ṣì ń kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé nílùú Oǹdó.

Mo gbọ́ sálúbàtà lẹ́yìn mi.
Ó ró ìró mọ́ àyà, kò sọ̀rọ̀,
ó fi ìdí tì mí kúrò lórí àga.
Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò wo bọ́tìnnì kankan.
Ọwọ́ tí mo rò pé làkúrègbé ti gbà
ń rọ̀ bí òjò lórí páànù.
Ó ṣí fáìlì kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà:
GBESE, láìsí àmì ohùn.
Mo kọ́kọ́ kà á ní gbẹ́sẹ̀, mo rò pé ìwé ijó ni.

Fọlájùwọ̀n, lẹ́tà ìwáṣẹ́ méjìlá, náírà ọgọ́ta.
Ìdílé kan ní Ìsìnkàn, ìwé ètò ìsìnkú, ìdajì ni wọ́n san.
Akínṣùúrù, iṣẹ́ àṣejáde, ojú ewé àádọ́rùn-ún:
"ó ní òun ń bọ̀."

"Ṣé Akínṣùúrù tó kọ́lé alájà mẹ́ta lọ́nà Ìlárá?"
"Òun náà ni."
Ó tún un kà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka Sáàmù.
Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.
Àkísà tiwa nìyí: kò mọ ọdún tí a wà,
ó mọ gbogbo ẹni tó jẹ wá lówó.

Iná lọ.
Fáànù yí díẹ̀ sí i, ó dúró.
Ìyé mi ò dìde nínú òkùnkùn.
"Èló ni Tèmídire yẹn ń ta ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan sórí bébà?
Bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ bá mi bi í.
Kí o sì sọ fún Akínbọ̀dé kó má wulẹ̀ yọjú."