Àbẹ́là Nínú Oṣù Èrèlé

Bíìlì dé lọ́jọ́ Túsìdeè.
Mo ṣí i ní ìdúró, mo kà á parí ní ìjókòó:
ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ó lé mẹ́rìnlá.
Oṣù Èrèlé ni, ní Wínípẹ̀gì,
níbi tí òtútù ti ń bu èèyàn jẹ bí ajá tí wọn ò so.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ amúlégbóná ní yàrá abẹ́ ilẹ̀.
Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń jẹ gáàsì,
ó ń jẹ, kò sọ pé òun yó.
Mo ní, ta lò ń ṣiṣẹ́ fún gan-an?
Ṣé èmi ni, àbí títì?

Hálínà tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
fi àbẹ́là kan lé mi lọ́wọ́.
“Tàn án. Máa fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn yí ilé ká.
Ibi tí iná bá ti tẹrí ba, olè wà níbẹ̀.”

Mo pa gbogbo gílóòbù.
Àńjọlá di etí aṣọ mi mú lẹ́yìn,
à ń yọ́ rìn bí ẹni ń dọdẹ èkúté.
Lẹ́nu fèrèsé ìdáná, iná tẹrí ba.
Nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tẹrí ba,
mi ò mọ̀ rí pé afẹ́fẹ́ máa ń gba ojú iná wọlé.
Lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja,
ó kú.
Ọmọ ní, “Mọ́mì, olè yìí mà lágbára o.”

Ìró àǹkárá kan wà tó ti ṣá,
òun ni mo fi pọn ọmọ yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ká tó wọ bàálù.
Mo rán an bí àpò gígùn,
mo rọ ìrẹsì tí kòkòrò ti wọ̀ sínú rẹ̀,
mo tẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.
Ó ká jọ síbẹ̀ bí ológbò.
Gbogbo wa ló wá ń pọ̀n báyìí.

Fèrèsé gba ọ̀rá, ó nà gbọnrangandan.
Omi tútù ni mo fi ń fọṣọ.
Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ti ń sinmi: ṣòkòtò kún pálọ̀,
bí àgbàlá ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé.
Mo yí ooru wálẹ̀ sí méjìdínlógún.
Ẹni òtútù bá mú, súwẹ́tà ń bẹ.

Ọwọ́ mi ló ṣì ń ṣe agídí.
Nílé wa, bí wọ́n bá mú iná dé, àdúgbò á hó yèè,
a ò ní pa suwíìṣì kankan títí ilẹ̀ á fi mọ́,
torí iná ló máa ń fi wá sílẹ̀ lọ.
Níbí, kì í lọ.
Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó dàárọ̀.

Lóru, mo tún tan àbẹ́là náà, mo gbé e wọ yàrá.
Gbólágadé wà ní Fọ́ọ̀tì Makimọ́ré,
ó ń wa epo tí yóò mú ilé onílé gbóná,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ló ń wálé.
Ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, iná dúró ṣánṣán.
Kò mì.
Afẹ́fẹ́ kankan ò gba ibẹ̀ wọlé,
síbẹ̀, ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé.

Bíìlì Ẹrẹ́nà: òjìlúgba dọ́là ó lé kan!
Mo pè é. Kò kọ́kọ́ yọ̀.
Ó ní, “Ṣé ẹ ò máa gbọ̀n níbẹ̀ ṣá?”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo wà ní balùwẹ̀,
ọṣẹ bo ojú mi,
òkùnkùn dé wìì.
Mo gbọ́ ohùn ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ohùn bàbá mi ni, tinútinú, tìbínútìbínú:
“Ta ló tan iná yìí sílẹ̀?”